Kí Gbòǹgbò Lè Mí: Bí A Ṣe Ń Gbin Ewé Ọbẹ̀ àti Òdòdó Sínú Ìkòkò ní Àgbàlá Ilé

Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta lóde òní ni a ti fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá wọn láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, débi pé ẹni tí ó fẹ́ já ewé efinrin díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹja tútù ní láti dé ọjà kí ó tó rí i. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ilé má ní igun kan tí oòrùn ń tàn sí: ẹ̀bá àtẹ̀gùn, iwájú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, tàbí bákónì kékeré lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Igun bẹ́ẹ̀ tó láti gbin ewé tí ìdílé kan yóò máa jẹ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí òdòdó mélòó kan sì tún wà níbẹ̀ tí yóò máa dùn-ún wò. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbin nǹkan sínú ike, táyà àti ìkòkò ní Ìbàdàn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é, pẹ̀lú ìdí tí mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kí a tó mú ike kankan lọ́wọ́, ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀, nítorí òun ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù rọ̀ mọ́: gbòǹgbò ń mí. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín hóró ilẹ̀ kan àti èkejì, inú àlàfo yìí sì ni atẹ́gùn tí gbòǹgbò ń lò máa ń wà. Tí omi bá kún gbogbo àlàfo náà tí kò sì rí ọ̀nà jáde, atẹ́gùn tán nìyẹn. Gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú nǹkan jẹrà á sì ráyè wọlé. Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé ewé tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jẹrà máa ń sorí kọ́ gẹ́lẹ́ bí ewé tí òùngbẹ ń gbẹ, nítorí pé gbòǹgbò tí ó ti kú kò lè fa omi sókè mọ́, bí omi tilẹ̀ yí i ká. Ẹni tí ó ni ín á rí i pé ó ti rọ, á tún bu omi sí i, ìyẹn ni yóò sì pa á pátápátá.

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Efinrin àkọ́kọ́ tí mo gbin wà nínú ike ọ̀dà tí n kò lu ní ìdí, nínú oṣù Òkúdù tí òjò ń rọ̀ léraléra, mo sì tún ń bomi rin ín láràárọ̀ nítorí ohun tí mo rò pé ìtọ́jú jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, ó ń rùn bí gọ́tà tí kò ṣàn. Mo fi ìka méjì fa ọ̀kan nínú wọn, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó dà bí òwú. Gbòǹgbò tí ara rẹ̀ le máa ń funfun, ó sì máa ń le gírígírí tí a bá fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìdí ike.

Ike àti ihò ìdí rẹ̀

Ike ọ̀dà oní-lítà 20 tí àwọn tó ń kun ilé ti lò tán dára púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni garawa tó ti sán létí, ìkòkò amọ̀, àti táyà ọkọ̀ tí a tò lé orí ara wọn. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ike náà títí ọ̀dà inú rẹ̀ yóò fi tán. Ike tí a bá ti fi gbé oògùn apakòkòrò tàbí epo ọkọ̀ rí kò yẹ fún ohun tí ẹnu yóò jẹ, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìṣó ńlá kan bọ iná títí yóò fi pọ́n, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ sì fi lu ihò mẹ́fà sí ìdí ike, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìka ọmọńdinrín. Ẹ tún lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka kan sókè láti ìdí, nítorí pé ihò ìdí lè dí mọ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ nígbà tí a bá gbé ike kalẹ̀. Kí ilẹ̀ má baà máa bá omi jáde, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ní ìwọ̀n ìdí ike, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kọ́ láti da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ike kí omi lè tètè jáde. Èmi náà ṣe é fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò ṣe é mọ́, nítorí pé ilẹ̀ kíkúnná kì í fi omi sílẹ̀ bọ́ sínú àlàfo ńlá tí ó wà láàárín òkúta àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá kún tán. Omi á dúró lókè òkúta, gbòǹgbò á wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tí gbòǹgbò lè lò á sì tún dín kù. Ilẹ̀ tó dára ni kí ó kún ike láti ìdí dé ọrùn, kí a sì gbé ike náà lé orí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta kí omi lè rí ọ̀nà kán sílẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ike lítà 10 tó fún efinrin kan. Ewúro, koríko ọba àti òdòdó ixora fẹ́ lítà 20. Ìkòkò amọ̀ máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba ara rẹ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń tètè gbẹ lásìkò ọyẹ́. Agolo onírin a máa gbóná lọ́sàn-án débi tí ó fi ń se gbòǹgbò, nítorí náà ẹ fi sí ibi tí òjìji wà bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó.

Pípo ilẹ̀

Ilẹ̀ tí a kàn gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilé kò tó, pàápàá ilẹ̀ pupa tó ní amọ̀, nítorí pé inú ike ni yóò ti le bí ògiri lẹ́yìn òjò mélòó kan. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni abọ́ ilẹ̀ dúdú méjì, abọ́ kan ìgbẹ́ ẹran tàbí ti adìẹ tó ti jinná, àti abọ́ kan yanrìn. Yanrìn odò tí hóró rẹ̀ yọjú, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, ni kí ẹ wá; yanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri máa ń dí àlàfo ilẹ̀ ni.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ó sì lè gbé àrùn wọ inú ewé tí a ó jẹ. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ tàbí ìdọ̀tí pákó, ẹ wọ́n omi sí i kí ó rin díẹ̀, ẹ fi nǹkan bò ó, kí ẹ sì máa dà á délẹ̀-dókè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí kò bá gbóná mọ́ tí a bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti yí padà sí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti jinná. Ilẹ̀ ààtàn ń wu ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí dúdú rẹ̀, ṣùgbọ́n ààtàn òde òní ní bátìrì, ike àti irin nínú. Òdòdó ni kí a fi í gbìn, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ẹ sẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mọ́wọ́. Tí ó bá dì mọ́ra bí èbà, tí ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ fi ìka kan gún un, ó ti dára. Bí kò bá fọ́, ó ń fẹ́ yanrìn sí i. Bí kò bá tilẹ̀ dì rárá, ìgbẹ́ rẹ̀ ló kéré.

Ibi tí oòrùn ń dé, àti ìgbà tí a ń gbìn

Kí ẹ tó gbé ike kalẹ̀, ẹ wo igun tí ẹ ní lójú ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ mọ iye wákàtí tí oòrùn fi ń wà níbẹ̀. Efinrin, ewúro, koríko ọba, ixora àti òdòdó bougainvillea fẹ́ oòrùn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Míǹtì àti atalẹ̀ fẹ́ oòrùn àárọ̀ nìkan. Pèrègún àti ọjá ìkookò lè fara da ibi tí oòrùn kì í dé tààrà.

Oṣù Igbe sí Èbìbí, lẹ́yìn tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin, ẹ̀ka tí a gé kì í sì í tètè gbẹ. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ náà dára. Láti oṣù Ọ̀pẹ́ títí di Èrèlé tí ọyẹ́ ń fẹ́, ohun tí ó ti wà ni kí a máa tọ́jú.

Efinrin

Mo fẹ́ dúró pẹ́ lórí efinrin nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tọ́ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gbìn ín. Èyí tó yá jù ni láti mú lára ìdì tí a rà lọ́jà: ẹ ṣa ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó, tí igi rẹ̀ le díẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ mímú gé e ní abẹ́ oríkèé kan gan-an, nítorí ibi oríkèé ni gbòǹgbò ti máa ń tètè jáde jù. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì ki í bọ ife omi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjìméjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí kókó funfun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, lẹ́yìn náà gbòǹgbò. Nígbà tí ó bá gùn tó oríkèé ìka méjì, ẹ gbìn ín, kí ẹ sì fi í sí òjìji fún ọjọ́ mẹ́rin kí oòrùn tó rí i.

Ọ̀nà kejì ni èso. Àwọn èso rẹ̀ kéré bí ẹ̀tù ìbọn, a kì í sì í bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ojú ilẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ wọ́n èso náà sórí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbé ike náà sínú abọ́ omi kí omi lè gba ìdí rẹ̀ wọ̀ ọ́ títí ojú ilẹ̀ yóò fi rin. Tí a bá da omi lé e lórí, gbogbo èso á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé e kúrò nínú abọ́ náà ní kété tí ojú rẹ̀ bá ti rin. Ó máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, a sì ń lọ́ ọ nígbà tí ó bá ti ní ewé gidi mẹ́fà.

Bí efinrin bá ti ga tó ọwọ́ kan àtààbọ̀, ẹ wo ara igi rẹ̀ dáadáa. Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjìméjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì, ní òkè ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó ti so mọ́ igi, ẹ ó sì rí ojú kékeré kan tí ó dà bí orí abẹ́rẹ́. Ojú méjèèjì yìí ń dúró de ìgbà tí orí igi yóò kúrò. Tí ẹ bá gé orí náà ní òkè ewé méjì, méjèèjì á dìde, ẹ̀ka kan á di méjì. Tí ẹ bá tún gé méjèèjì, ó di mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń já ewé ìsàlẹ̀ níkan, tí kò gé orí, á ní igi gíga kan tí ewé díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ tí ó ń já ewé sọ́bẹ̀ ni ó ń tọ́ igi.

Ẹ tètè máa já òdòdó rẹ̀ nígbà tí ó bá ń yọ, nítorí pé lẹ́yìn òdòdó, ewé á kéré, igi á sì gan. Ẹ fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ó gbó, kí ó sì gbẹ. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra á, èso ọdún tó ń bọ̀ ti wà.

Ewúro, koríko ọba, atalẹ̀ àti míǹtì

Igi ewúro tó ti gbó, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, ni a ń gé, kí ó gùn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ gé orí rẹ̀ ní títẹ́jú, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, nítorí pé igi tí a dorí rẹ̀ kodò kì í sábà yè. Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewé tuntun lè jáde kí gbòǹgbò tó yọ, nítorí náà ẹ má ṣe fà á wò. Ohun tó wà nínú igi fúnra rẹ̀ ni ewé àkọ́kọ́ yẹn ń jẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ga ju àyà lọ, nítorí igi ni yóò dà bí a bá fi í sílẹ̀.

Koríko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, kì í fẹ́ èso rárá. Ẹ tọrọ ìdì kan lọ́wọ́ aládùúgbò tó ní i, ẹ fi ọwọ́ ya á sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀ ní ìdí, ẹ gé ewé rẹ̀ kí ó ku ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹ sì gbìn ín ní ìwọ̀n ìka méjì sínú ilẹ̀. Gígé ewé yìí ṣe pàtàkì, nítorí ojú ewé ni omi ti ń jáde lára irúgbìn, gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ya kò sì tíì lè fa èyí tí yóò fi dí i. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nígbà tí ẹ bá ń kórè rẹ̀, nítorí etí ewé rẹ̀ mú bí abẹ.

Ẹ ra atalẹ̀ tí ara rẹ̀ kún, tí ojú rẹ̀ ti ń yọ sókè bí orí èékánná. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí èyí tó ní ojú méjìméjì, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì gbìn ín ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà tàbí Igbe, ìka mẹ́ta sínú ilẹ̀, nínú ike tó fẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ó ń rìn sí. Láàárín oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì wó lulẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dá omi dúró, kí ẹ sì wú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Míǹtì rọrùn láti gbìn bí efinrin nínú omi, ṣùgbọ́n ike tirẹ̀ ni kí ó ní, nítorí pé ó máa ń rà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì máa ń gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bá a gbé.

Òdòdó àti ewé ẹ̀ṣọ́

Ní ti ixora, ohun tí ó ń pa á ní ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni sìmẹ́ǹtì. Àwọn bíríkìlà máa ń ri èérún búlọ́ọ̀kù àti àjẹkù sìmẹ́ǹtì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹfun inú rẹ̀ á sì máa yọ́ sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn èyí tó ní ásíìdì, òdìkejì ilẹ̀ ẹlẹ́fun, ni ixora fẹ́. Nínú ilẹ̀ ẹlẹ́fun, kò lè rí èròjà irin fà mọ́ bí irin náà tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ewé tuntun: ojú ewé á pọ́n bí ìyeyè, ṣùgbọ́n iṣan inú rẹ̀ á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, bí àwòrán igi kékeré tí a yà sórí bébà. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ gbìn ín sínú ike pẹ̀lú ilẹ̀ tí a sẹ́, kí ẹ fi ewé jíjẹrà kún un, kí ẹ má sì fi eérú sí ìdí rẹ̀ láé, nítorí iṣẹ́ ẹfun náà ni eérú ń ṣe.

Bougainvillea, tí ó ti ilẹ̀ Bràsíl àti àyíká rẹ̀ wá, fẹ́ ìyà díẹ̀. Omi àti ajílẹ̀ tó pọ̀ á mú kí ó máa yọ ewé láìyọ òdòdó, nígbà tí èyí tó wà nínú ike kékeré, lójú oòrùn gangan, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ kí a tó bomi rin ín, á pọ́n ròrò láti ìdí dé orí. Ohun pípọ́n yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ẹ mú ọ̀kan sún mọ́ ojú: ewé tí ó yí àwọ̀ padà ni, mẹ́ta wọn ló sì yí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ká. Àwọn ọ̀pá yìí, tí ẹnu wọn funfun tí kò sì tóbi ju bọ́tìnnì aṣọ kékeré lọ, ni òdòdó gidi. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo pípọ́n náà bá ti rẹ̀ dànù, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ni ó ti ń yọ òmíràn.

Pèrègún kò fẹ́ ìyọnu. Ẹ gé igi rẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ méjì, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó hù. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń fi í sàmì sí ààlà ilẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì fi bá wọn kọjá òkun, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bràsíl ṣì ń pè é ní peregum títí di òní.

Ní ti ọjá ìkookò, ewé rẹ̀ tí a gé sí ìwọ̀n ọwọ́ kan lè hù, bí a bá gbin ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè kì í bí irú ara rẹ̀ láti ara ewé. Ọmọ rẹ̀ á jáde ní àwọ̀ ewé lásán. Ìdí ni kí ẹ ti ya irú ìyẹn, pẹ̀lú gbòǹgbò.

Ẹni tí ọmọ kékeré wà nílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún Dieffenbachia, ewé gbàgẹ̀rẹ̀ tó ní àbàwọ́n funfun tí a fẹ́ràn láti gbé sí pálọ̀. Omi ara rẹ̀ ń mú kí ẹnu àti ọ̀fun wú, ó sì ń ta bí abẹ́rẹ́. Oleander, igi òdòdó kan, tún le jù ú lọ, májèlé wà nínú ewé, igi àti òdòdó rẹ̀. Èmi kò gbà á láyè ní àgbàlá mi.

Omi

A kì í fi aago bomi rin irúgbìn. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tí ó bá rin, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i títí yóò fi jáde ní ìdí, kí gbogbo gbòǹgbò lè rí i, kí omi náà sì lè fa atẹ́gùn tuntun wọlé lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Ìwọ̀nba omi tí a ń wọ́n sójú ilẹ̀ lójoojúmọ́ kì í dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ó tún lè máa fi ìwúwo ike mọ̀ ọ́n, kí ẹ kàn fi ọwọ́ gbé etí rẹ̀ díẹ̀.

Àárọ̀ ni ó dára jù. Lásìkò ọyẹ́, ike kékeré lè fẹ́ omi lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́. Háhá àgbọn tàbí koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sójú ilẹ̀ ń dín in kù. Nínú òjò oṣù Òkúdù àti Agẹmọ, ẹ lè má bomi rin ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kó gbogbo àwo ìdí ike kúrò, nítorí pé inú omi tó bá dúró níbẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí.

Kòkòrò

Tí ẹ bá rí eèrà tí ń gun igi òdòdó lọ-bọ̀ lójú kan, ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Omi dídùn tí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ ń ya ni eèrà ń wá. Àwọn kan funfun bí òwú tí a ya mọ́ oríkèé, pàápàá lára òdòdó hibiscus. Àwọn mìíràn ń fò bí eérú nígbà tí a bá mi ewé. Bí wọn kò bá pọ̀, aṣọ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ tó láti nù wọ́n kúrò. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ gún ẹ̀kúnwọ́ ewé dóńgóyárò mẹ́ta, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà omi méjì mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ sì fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì fọ ewé dáadáa kí ẹ tó sè é. Ìgbín kékeré tí ń jẹ efinrin lóru kò fẹ́ oògùn, iná tọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ ti tó.

Lẹ́yìn ọdún kan

Ẹ máa bu ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ tó ti jinná sí etí ike ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fàmẹ́fà, kí ó má kan igi. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ inú ike á lọ sílẹ̀, àlàfo rẹ̀ á dí, omi á sì máa dúró lójú rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ dojú ike dé, ẹ fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fa irúgbìn náà jáde pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Tí gbòǹgbò bá ti yí po bí okùn ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímú bó ìwọ̀n ìka kan kúrò lára rẹ̀ yíká, kí ẹ gé ẹ̀ka òkè náà kù díẹ̀ kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú gbòǹgbò tó kù. Ẹ gé gbogbo èyí tó bá ti pọ́n tó sì rọ̀ dànù, ẹ fi funfun sílẹ̀. Ẹ wo ihò ìdí ike bóyá ó ti dí, ẹ fi igi ṣí i, ẹ kó ilẹ̀ tuntun sí i, ẹ dá irúgbìn náà padà, kí ẹ sì bu omi sí i títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó ń kán sórí sìmẹ́ǹtì.